Ìlédìí Tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kó Pamọ́

Ìyá àgbà mi máa ń fi ahọ́n tọ́ omi ìfọṣọ wò. Bí wọ́n bá ti fọ ìlédìí ọmọ tán, tí wọ́n ti fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ti ìka kan bọ omi tó gbẹ̀yìn, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á sì dijú díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́ kù nínú omi náà, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á tún bu omi tuntun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń mu omi ìdọ̀tí. Wọn kì í bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ohun tí ẹnu tèmi ò lè gbà, mi ò ní fi sídìí ọmọ."

Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí a ti sin wọ́n. Ìjọ wa tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sí i: Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti bí wọn, ọkọ tí wọ́n bá wá sí Minna, iye ọmọ tí wọ́n bí, ipò tí wọ́n dì mú nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹni tó tọ́ mi dàgbà níbẹ̀, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ Tìmílẹ́yìn, ọmọbìnrin mi, tí kì í gbọ́ràn dáadáa. Ìlédìí tí Ìyá Àgbà fi ìfẹ́ kó pamọ́ ló ba etí ọmọ náà jẹ́. Nínú ẹbí ọkọ mi, ohun tí wọ́n fi ń rántí wọn jù nìyẹn. Ó ń dùn mí, ó sì yẹ kó dùn mí ju ẹnikẹ́ni lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀ kí n tó gbé bírò sílẹ̀.

Ọṣẹ ni wọ́n ń tà lọ́jà Kure. Ìsọ̀ wọn ò tóbi: ọṣẹ gbọọrọ tí a ń gé, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń kó láti Ògbómọ̀ṣọ́, búlúù, sítáàṣì, kànìnkànìn, àti káńfọ̀, àwọn hóró funfun roboto tí òórùn wọn ń ta ni nímú, tí a máa ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ. Àwọn Yorùbá ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, àwọn Hausa ń pè wọ́n ní Mama mai sabulu. Wọn kì í kàn ta ọjà fún èèyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fọ̀. Tíṣà kan láti Èkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá ra sítáàṣì lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀. Ó ní aṣọ ọmọ òun ni òun fẹ́ fi sí, kó lè dúró dáadáa. Ìyá Àgbà gbé sítáàṣì náà kúrò lórí tábìlì, wọ́n tì í sábẹ́ àga. Wọ́n ní, "Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, kóòtù wo ló ń lọ?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìyá Àgbà mú mi lọ sílé wọn ní Keteren Gwari, ibẹ̀ ni mo gbé títí mo fi relé ọkọ. Àǹtí mi, àbíkẹ́yìn wọn, bímọ sínú ilé náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orí ìlédìí ọmọ yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Èyí tí ọmọ tọ̀ sí kì í bá èyí tó yàgbẹ́ sí gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Omi tútù la kọ́kọ́ ń lò, nítorí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí àbàwọ́n mú aṣọ. Ọwọ́ la fi ń bó o, a ò gbọdọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Ní gbogbo Sátidé, a máa ń sè wọ́n nínú ìkòkò ńlá kan tí oúnjẹ ò wọ̀ rí. Oòrùn la ń sá wọn sí, àfi lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá ń fẹ́. Nígbà náà, inú yàrá ni. Kí a tó ká wọn, áyọ́ọ̀nù gbígbóná gbọ́dọ̀ kọjá lórí wọn dé etí, nítorí eṣinṣin tó máa ń yé sára aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ ń wọ ara ọmọ. Bí mo bá fi etí kan sílẹ̀, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Wọ́n lè jà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún òkú. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi ká àdúgbò, mai ruwa tí gbogbo wa ń dúró dè bí omi ẹ̀rọ ò bá yọ, bá wọn gbé omi tó ní ẹrẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kó gbé e padà. Ó ní, "Mama, ruwa ne kawai." Omi ṣá ni, ló wí. Ìyá Àgbà ní, "Omi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ kó tó fọ aṣọ, ìwọ ló ni ín."

Èyí tó pẹ́ jù ni ìjà àwọn àti Mama Làràbá, aládùúgbò wa tó ń dín kósé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá ògiri wa. Èéfín rẹ̀ ń bọ́ sára ìlédìí tí a sá. Ìyá Àgbà sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn. Nígbà tí ọmọ Mama Làràbá wá bímọ, tí ara ìyá ọmọ náà ò sì le, Ìyá Àgbà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ ilé náà lọ láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n kó ìlédìí ọmọ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Mama Làràbá gbé kósé gbígbóná wá. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n ní, "Èmi àti ìwọ la jọ ń jà. Ọmọ tuntun ò bá mi jà."

Ó wá kan ìlédìí tèmi. Ìyá mi ló rán wọn fúnra rẹ̀ nígbà tó lóyún mi, méjìlá, aṣọ òwú funfun, ó fi ọwọ́ ká etí wọn. Lẹ́yìn tó kú, Ìyá Àgbà fọ gbogbo wọn, wọ́n sè wọ́n, wọ́n sá wọn, wọ́n kó wọn sínú àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ju káńfọ̀ sí i. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti lọ, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ka méjìlá pé, wọ́n á fi káńfọ̀ tuntun rọ́pò èyí tó ti yòrò. Nígbà tí àǹtí mi bímọ tó ní kí wọ́n mú wọn fún òun, wọ́n kọ̀. Àǹtí mi bínú, ó ní aṣọ ni, kì í ṣe bíbélì. Wọ́n ní, "Ọmọ Dúpẹ́ ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ló rán an."

Dúpẹ́, èmi nìyẹn. Mo lọ́kọ, a ń gbé ní Jikpan, ní Minna kan náà. Ọdún méje sẹ́yìn ni mo bí Tìmílẹ́yìn, Ìyá Àgbà sì wá tọ́jú wa, nítorí kò sí ìyá mi tí ì bá wá. Wọ́n gbé àpótí náà sórí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láti Keteren Gwari, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo pálọ̀. Wọ́n ka ìlédìí náà síwájú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi hàn mí bí ìyá mi ṣe ká etí wọn. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò rí ojú Ìyá Àgbà kó tàn báyẹn rí.

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé kí n sọ fún Wálé kó bá wa bu omi, ká tún wọn fọ̀?" Wálé ni ọkọ mi.

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bú. Wọ́n ní, "Ìfọ̀ tèmi lo fẹ́ tún fọ̀?"

Wọ́n sá wọn sí oòrùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kí òórùn náà lè dínkù, wọ́n ká wọn, wọ́n sì fi ọ̀kan dè fún ọmọ mi. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ìlú Minna ní ìfọṣọ kò fọ aṣọ lọ́jọ́ yẹn, torí ó gbà pé òun ti fọ̀ ọ́ lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Gbogbo àṣìṣe wọn ò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, funfun ojú Tìmílẹ́yìn ti di àwọ̀ ìyeyè. Ìyá Àgbà ní ibà pọ́njú ni, pé ó máa ń ṣe ọmọ tuntun, wọ́n sì gbé e sí oòrùn àárọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, kò mu ọmú mọ́. Ẹkún rẹ̀ há, ó sì ń ti orí sẹ́yìn. Wálé gbé wa lọ sílé ìwòsàn, èmi, ọmọ, Ìyá Àgbà àti ìyá ọkọ mi, tó ti wá kí wa láàárọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi kò tíì wo ojú rẹ̀ tó fi fa ìlédìí náà mọ́ imú. Ó bi wá pé, "Ta ló fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ yìí?"

Mo ń wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà dìde lórí àga tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, "Èmi ni. Èmi nìkan. Dúpẹ́ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Dókítà wá, ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tí kò gba káńfọ̀ rárá, pé òórùn rẹ̀ àti èyí tó ń kan ara wọn máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, tí ibà pọ́njú á fi gùn dé ọpọlọ. Ìyá ọkọ mi bọ́ gèlè, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Dókítà kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé wọn ò sọ fún yín ní kílíníkì aláboyún ni?"

Mo ní, "Wọn ò sọ fún wa, dókítà."

Wọ́n gbé Tìmílẹ́yìn sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Ìyá Àgbà ò lọ sílé, wọn ò sì wọlé. Orí bẹ́ǹṣì ìta ni wọ́n jókòó sí lójoojúmọ́, nítorí ìyá ọkọ mi ti sọ pé òun ò fẹ́ rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ọlọ́run dá a sí fún wa. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan la tó mọ̀ pé ariwo ilẹ̀kùn kì í jẹ́ kó yíjú. Ní báyìí, ẹ̀rọ kékeré wà létí rẹ̀ méjèèjì. Ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó mọ ìwé, ó sì mọ Hausa ju Yorùbá lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ò bá sí létí rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó mọ̀ pé o ń pè é.

Nígbà tí a padà sílé, ìyá ọkọ mi ní Ìyá Àgbà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ọmọ mọ́. Wọ́n ra ìlédìí àlòsọnù wá, páálí rẹ̀ kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìyá Àgbà ṣì ń wá láàárọ̀, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Keteren Gwari, wọ́n á jókòó sí ìta lórí àpótí, wọ́n á bi mí pé báwo lara ọmọ, wọ́n á sì máa wo okùn ìsáṣọ tó ṣófo. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Dúpẹ́, fún mi ní nǹkan kan fọ̀." Mo wọlé, mo já kọ́tíìnì pálọ̀, mo gbé e fún wọn. Kò dọ̀tí. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tọ́ omi rẹ̀ wò, wọ́n sì sá a bí ẹni tó ń sá aṣọ ọmọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lọ. Ìdúpẹ́ yẹn ò kúrò létí mi.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni kó gbọ́. Wọ́n kó gbogbo káńfọ̀ tó wà ní ìsọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bò ó. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá bèèrè rẹ̀. Wọ́n lè rí i rà ní ìsọ̀ ẹlòmíràn káàkiri ọjà, ìyẹn ò kan Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá fi lè yà síwájú wọn, wọ́n á dá a dúró. Mo fi etí ara mi gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin Hausa kan tí oyún rẹ̀ ti gbó pé, "Hajiya, kada ki saka kanfo a kayan jariri." Kó má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun, ni wọ́n ń wí. Obìnrin náà ní gbogbo ìyá ló ń fi í sí aṣọ ọmọ, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n fà á sún mọ́ ara, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ Tìmílẹ́yìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò fi orúkọ ara wọn pamọ́ níbì kankan.

Wọ́n sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Wọ́n dìde lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Àǹtí mi tó wà níbẹ̀ ní ìtìjú pa òun, ó bá wọn wí nílé pé ẹbí wa ni wọ́n ń tú síta. Ìyá Àgbà ní, "Bí ojú bá tì mí, tí ọmọ kan là, ojú ti tì mí rè é." Àwọn tó gbọ́ ọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń tọ́ka sí wọn lọ́jà: ìyá tó fi káńfọ̀ ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀ léṣe nìyẹn. Wọ́n mọ̀. Wọn ò tìtorí ẹ̀ dákẹ́.

Ó tó àkókò kí n sọ tèmi. Irọ́ ni mo pa fún dókítà. Oṣù méjì kí n tó bímọ, ní kílíníkì aláboyún, nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú wa, ó gbé hóró káńfọ̀ kan sókè. Ó ní a ò gbọdọ̀ fi í sí aṣọ ọmọ tuntun, ó sì ní kí gbogbo wa sọ ọ́ tẹ̀ lé òun. A sọ ọ́. Èmi náà là ẹnu, mo sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà ṣí àpótí yẹn ní pálọ̀ mi, mo mọ òórùn tó jáde, mo sì rántí. Ìdí tí mo fi ní ká tún wọn fọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú wọn tó ń tàn ṣókùnkùn. Mo sọ fún ara mi pé nọ́ọ̀sì náà ń sọ àsọdùn, pé èmi náà lo ìlédìí wọ̀nyẹn, mo sì wà láàyè. Nígbà tí mo lo wọ́n, kò tíì sí káńfọ̀ lára wọn. Mo mọ ìyẹn pẹ̀lú. Ní ilé ìwòsàn, ìyá ọkọ mi wà ní ọ̀tún mi, Wálé wà ní òsì mi, Ìyá Àgbà sì ti gbé gbogbo ẹ̀bi náà rù kí n tó là ẹnu. Mo fi í sílẹ̀ lórí wọn.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ́ ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ọdún tó kọjá, mo lọ bá wọn ní Keteren Gwari lẹ́yìn ìsìn. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú yàrá. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ aṣọ Tìmílẹ́yìn ọjọ́ yẹn." Mi ò tíì débì kankan tí wọ́n fi rọra sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé wọ́n ń wá bàtà wọn ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà, ìyá ìyá mi, níwájú mi. Wọ́n ní, "Dúpẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, má tún bá mi wí mọ́. Mo ti ń bá ara mi wí." Mo fà wọ́n dìde. Mo ní mi ò bínú. Mo ní mo ti gbàgbé. Mo sọ gbogbo ohun tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ máa ń sọ, mo sì jáde kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí a ti itẹ́ òkú dé, tí àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ tẹ́ǹtì, ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí. Ojú wọn pọ́n. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ ọmọ wọn ni. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Dúpẹ́, má sunkún mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wa yẹn, mo ti dárí jì wọ́n."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."